Ẹja Òru ní Odò Au Sable

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ ni ó ń gbé létí omi ńlá. Àwọn kan wà lẹ́bàá odò Kàdúná, àwọn kan wà ní Mákúrdí níbi tí odò Bẹ́núé ti ń ṣàn kọjá, àwọn mìíràn sì wà ní agbègbè adágún Kàǹjì. Ẹ mọ àwọ̀n, ẹ mọ ìgèrè, ẹ sì mọ ìwọ̀. Ẹ ti rí àtùpà àwọn apẹja tí ń tàn lójú omi ní òru. Ṣùgbọ́n apẹja tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í tan àtùpà sójú omi rárá. Kì í fi ekòló tàbí ẹran kankan sí ẹnu ìwọ̀ rẹ̀. Ó ń dúró nínú odò títí dé ìbàdí nínú òkùnkùn biribiri, nígbà tí ó bá sì mú ẹja ńlá tán, ṣe ni yóò tún tú u sílẹ̀ kí ó máa lọ.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí fún ìgbà kìíní lè rò pé orí onítọ̀hún kò pé. Kí ni ènìyàn ń wá nínú omi tútù ní òru bí kò bá fẹ́ jẹ ẹja? Ìbéèrè rere ni. Ẹ jẹ́ kí a farabalẹ̀ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, nítorí pé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí ó kan àwa náà.

ÌLÚ TÍ Ó Ń JẸ́ ORÚKỌ ẸJA

Ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, odò kan wà tí wọ́n ń pè ní Au Sable. Àwọn Faransé ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ iyanrìn, nítorí pé ilẹ̀ iyanrìn ni odò náà gbà kọjá kí ó tó wọ inú adágún Huron. Iyanrìn yìí ni ó ń fa omi òjò àti omi yìnyín mu, tí ó sì ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìsun láti abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, omi Au Sable mọ́ gaara, ó ń tutù nínú ooru, kì í sì í ya lójijì bẹ́ẹ̀ ni kì í gbẹ lójijì.

Létí odò náà ni ìlú Grayling wà. Orúkọ ẹja ni Grayling. Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ẹja yìí kún inú Au Sable àti àwọn odò mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹja arẹwà ni, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí ìgbòkun ọkọ̀. Kì í fura, kíákíá ni ó sì ń gbé ìwọ̀ mì. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé agbègbè náà, àwọn ènìyàn ń ti ìlú ńláńlá wá láti pa á. Wọ́n ń pa á láìka iye, wọ́n sì ń kó o lọ sí ọjà.

Ní àkókò kan náà ni àwọn agégẹdú wọ inú igbó páìnì. Wọ́n gé igi lulẹ̀, wọ́n sì ń ti ìtì igi sínú odò kí omi lè gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìtì igi ń ha ìsàlẹ̀ odò, ó sì ń ba ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí jẹ́. Igi tí ó ń ṣíji bo omi kò sí mọ́, erùpẹ̀ sì ń ya wọ inú odò. Wọ́n tún kó ẹja mìíràn wá sínú omi, àwọn wọ̀nyí sì ń bá grayling du oúnjẹ. Nígbà tí yóò fi di 1936, grayling ti parẹ́ pátápátá ní Michigan. Ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè dàgbà, kí ó sì darúgbó, láìfi ojú kàn án nínú odò ìlú rẹ̀.

ÀLEJÒ TÍ Ó DI ONÍLÉ

Ẹja tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ní Au Sable lónìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Trout aláwọ̀ ilẹ̀ ni, tí àmì dúdú àti pupa wà ní ara rẹ̀. Ní 1883, wọ́n kó ẹyin rẹ̀ láti ilẹ̀ Jámánì gba orí òkun wá sí New York. Ní oṣù April 1884, wọ́n tú nǹkan bí 4,900 ọmọ ẹja náà sínú odò Baldwin ní Michigan. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn kálẹ̀. Àwa tí a ti fi ilé sílẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àlejò ni ilẹ̀ tuntun máa ń gbà. Àlejò yìí rí ààyè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ni ó fi dúró.

Trout yìí kọ́ ìfura. Nígbà tí ó bá kéré, yóò máa jẹ kòkòrò ní ojú omi ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dàgbà, tí ó sì gùn tó 20 íǹṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fi ọ̀sán sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní ọ̀sán, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń pa ẹja wà létí odò, idì apẹja wà lókè, ènìyàn náà sì wà pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹja ńlá a sá wọ abẹ́ ìtì igi tí ó wó sínú omi, a sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ó sùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, a jáde. A wá sí ibi tí omi kò jìn, níbi tí kò jẹ́ dé ní ọ̀sán, a sì máa ṣọdẹ. Ẹja kéékèèké, edé odò, àkèré, àní èkúté tí ó bá já sínú omi, gbogbo wọn ni oúnjẹ rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń rí wọn nínú òkùnkùn? Ojú rẹ̀ ń ríran ju tiwa lọ ní òru, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú nìkan. Ìlà kan wà ní ìhà méjèèjì ara rẹ̀ láti orí dé ìrù, ìlà yìí ni ó sì fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Bí èkúté kékeré bá ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi, omi yóò mì, ẹja yóò sì mọ̀ kí ó tó rí i. Lórí èyí ni gbogbo ọgbọ́n apẹja òru dúró lé.

EṢINṢIN TÍ KÌ Í ṢE EṢINṢIN

Ohun tí apẹja yìí ń lò ni wọ́n ń pè ní eṣinṣin, ṣùgbọ́n ìwọ̀ lásán ni, tí a fi ìyẹ́ adìẹ, irun ẹran àti òwú dì títí ó fi dà bí kòkòrò. Nínú ìpẹja tí a mọ̀, òjé tàbí ìjẹ ni ó wúwo, òun ni a sì ń jù kí okùn lè tẹ̀ lé e. Nínú irú èyí, ìwọ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Okùn ni wọ́n ṣe tí ó nípọn tí ó sì wúwo. Apẹja a máa fi ọ̀pá gígùn na okùn náà síwá sẹ́yìn lókè orí, bí ẹni tí ń ju pàṣán, kí ó tó jẹ́ kí ó balẹ̀ sójú omi.

Ní ọ̀sán, òfin àwọn apẹja yìí ni pé eṣinṣin tí ó léfòó kò gbọ́dọ̀ mì. Ó ní láti máa bá omi lọ bí ewé. Bí okùn bá fà á díẹ̀ péré, ẹja a fura, a sì sá. Ní òru, òfin náà yí padà pátápátá. Eṣinṣin ní láti rìn. Ó ní láti máa ya ojú omi bí ọkọ̀ kékeré, kí ìlà méjì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nítorí pé ìmìtìtì omi yẹn ni yóò pe ẹja wá.

Nítorí náà, eṣinṣin òru tóbi, ó sì máa ń léfòó dáadáa. Irun àgbọ̀nrín ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà nínú irun náà, kì í jẹ́ kí ó rì. Àwọn mìíràn ń lo fóòmù. Bí ó bá jẹ́ èkúté ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọn a fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìrù fún un. Àwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fẹ́ràn jùlọ. Èyí lè ya ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ ni ẹja ti ń wo òkè. Bí ó ti wù kí òkùnkùn pọ̀ tó, ojú ọ̀run ṣì mọ́ ju ohun dúdú lọ, ohun dúdú ni yóò sì hàn kedere.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Wales àti ilẹ̀ England, irú trout kan wà tí ń ti inú òkun wọ odò láti yé ẹyin, òru ni wọ́n sì ń pa òun náà. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Hugh Falkus kọ ìwé kan lé e lórí ní 1962, ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń fa ìwọ̀ lójú omi kí ẹja lè bínú sí i.

ÒRU KÒKÒRÒ HEX

Ní Au Sable, àkókò kan wà tí gbogbo ènìyàn ń retí. Láti ìparí oṣù June sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù July ni kòkòrò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hex ń jáde láti inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Nínú ihò ni ó ti ń gbé fún ọdún kan sí méjì. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò lúwẹ̀ẹ́ wá sójú omi ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, yóò bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò na ìyẹ́, yóò sì fò. Ara rẹ̀ gùn ju íǹṣì kan lọ. Lẹ́yìn tí ó bá ti fò, kò ní ẹnu tí ó lè fi jẹun mọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì péré ni ó ní láti gùn, kí ó yé, kí ó sì kú. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, ẹja tí ènìyàn kò rí láti ọdún dé ọdún yóò wá sójú omi, ìró ẹnu rẹ̀ yóò sì máa dún nínú òkùnkùn bí ẹni tí ń ju òkò sómi.

Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò fẹ́ ìdọ̀tí. Ní 1953, ó parẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn adágún Erie, nítorí pé ìdọ̀tí pọ̀ nínú omi títí afẹ́fẹ́ fi tán ní ìsàlẹ̀. Nǹkan bí ogójì ọdún kọjá kí ó tó padà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ rédà ojú ọjọ́ ka àwọn kòkòrò náà bí wọ́n ti ń gòkè kéde pé, láti 2012, ohun tí ń jáde ní adágún Erie àti ní òkè odò Mississippi ti dín kù ju ìdajì lọ. Nítorí náà ni àwọn ará etí odò fi ń ṣọ́ òru Hex bí àgbẹ̀ ti ń ṣọ́ òjò àkọ́rọ̀. Bí Hex bá jáde, a jẹ́ pé omi ṣì wà ní àlàáfíà.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É

Ọ̀sán ni iṣẹ́ òru ti bẹ̀rẹ̀. Apẹja tí ó gbọ́n kì í wọ odò tí kò mọ̀ ní òru. Yóò kọ́kọ́ lọ ní ojúmọmọ, yóò wo ibi tí kòtò wà, ibi tí igi wó sí, àti iye ẹsẹ̀ tí yóò gbé kí ó tó dé ibi tí yóò dúró. Yóò yan ibi kan ṣoṣo tàbí méjì, kò ní máa rìn kiri. Àwọn àgbà wa sọ pé òru kò mọ olówó. Omi náà kò mọ̀ ọ́n. Sòkòtò rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ sómi lè kún bí ènìyàn bá ṣubú, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń di ìgbànú mọ́ ọn pinpin. Wọn a mú ọ̀pá kan dání tí yóò jẹ́ ẹsẹ̀ kẹta, wọn a sọ fún ará ilé ibi tí wọ́n lọ, ẹni tí ó sì fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ a mú ẹnìkejì lọ.

Wọn a gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n wọn kì í tàn án sójú omi, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a lé ẹja lọ, a sì fọ́ ojú apẹja tí òkùnkùn ti mọ́ lára. Òru tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí òṣùpá kò sì sí, ni wọ́n fẹ́ràn jùlọ. Nítorí pé ojú kò ríran, ìwọ̀n okùn kan náà ni apẹja yóò máa jù. Yóò jù ú sí ìhà kejì odò díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, yóò jẹ́ kí omi na okùn náà, eṣinṣin yóò sì máa ya omi bọ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò sì tún jù ú.

Ní ìgbà tí kò bá retí, ni ohun kan yóò dún gbàmù nínú òkùnkùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró, wọn a fa ọ̀pá sókè wàì, wọn a sì fa ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹja. Ẹja òru sábà máa ń ṣì í gbé ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí a bá fi eṣinṣin sílẹ̀ kí ó máa rìn bí ó ti ń rìn, ẹja náà lè padà wá. Etí kọ́ ni kí apẹja gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọwọ́ ni. Ìgbà tí ó bá mọ ìwúwo ẹja lórí okùn ni kí ó tó gbé ọ̀pá. Ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÈÉṢE TÍ WỌ́N FI Ń TÚ U SÍLẸ̀?

Ní 1959, ènìyàn 16 péjọ sí ilé George Griffith létí odò Au Sable. Apẹja ni gbogbo wọn. Ohun tí ó ká wọn lára ni pé odò ń bàjẹ́, ẹja ìgbẹ́ sì ń tán, nígbà tí ìjọba gbẹ́kẹ̀ lé ẹja tí a ń sìn nínú kòtò tí a sì ń dà sómi kí àwọn ènìyàn lè tún pa á. Wọ́n sọ pé bí a bá tọ́jú odò, ẹja yóò tọ́jú ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni Trout Unlimited, ó sì ti tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà.

Lónìí, apá kan odò náà wà lẹ́yìn Grayling, tí ó gùn tó nǹkan bí máìlì mẹ́jọ, tí òfin kò gba ènìyàn láàyè láti fi ohun mìíràn pẹja bí kò ṣe eṣinṣin àtọwọ́dá, gbogbo ẹja tí wọ́n bá sì mú ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà. Omi Mímọ́ ni àwọn apẹja ń pè é. Dídá ẹja padà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọn a tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ pa kí ó lè yọ ní ìrọ̀rùn. Okùn tí ó le ni wọ́n ń lò kí ìjàkadì má baà pẹ́. Wọn a fi omi ra ọwọ́ kí wọ́n tó dì í mú, wọn kì í sì í gbé e jáde kúrò nínú omi pẹ́. Wọn a kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Bí ooru bá mú jù, tí omi fúnra rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, apẹja rere a ká ọ̀pá rẹ̀, a sì lọ sílé, nítorí pé ẹja tí ó bá jà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí a bá ti tú u sílẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dá ẹja padà nítorí pé oúnjẹ pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá a padà nítorí pé ìlú wọn ń jẹ́ orúkọ ẹja kan tí bàbá wọn àgbà jẹ tán. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ẹ̀yà Ottawa kan tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ láti ayébáyé bẹ̀rẹ̀ ètò láti dá grayling padà sínú odò Michigan. Ẹ wo wàhálà tí wọ́n ń ṣe àti owó tí wọ́n ń ná láti tún rí ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀.

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA

A kò sọ pé kí apẹja tí ó ní aya àti ọmọ máa tú ẹja sílẹ̀. Ebi kò mọ eré. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ń gbé láàárín wọn ní òkè ọya náà ní ọgbọ́n yìí ní ọ̀nà tiwọn. Ní Argungu, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja ní odò Mátàn Fádà títí ọjọ́ ọdún ìpẹja yóò fi dé, lọ́jọ́ náà, àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ni wọ́n fi ń wọ odò. Odò a sinmi, ẹja a dàgbà, ọjọ́ kan náà a sì tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Ẹ fi èyí wé àwọn tí ń da oògùn apakòkòrò sínú odò kí ẹja lè kú léfòó, tàbí àwọn tí ń fi àwọ̀n olójú kéékèèké gbá ọmọ ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pẹja, odò gan-an ni ó pa. Bí ẹ bá sì jẹ́ àlejò níbi tí ẹ wà, ẹ má ṣe wí pé odò náà kì í ṣe ti bàbá yín. Omi tí ẹ ń mu ni, òun náà sì ni ọmọ yín yóò mu.

Nígbà tí ó bá tún di ìparí oṣù June, àwọn ènìyàn yóò tún dúró nínú òkùnkùn ní Au Sable, wọn yóò sì máa tẹ́tí sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹja, inú wọn yóò dùn, ìbáà jẹ́ pé wọn kò mú un. Ìlú tí ó ti gbọ́ bí odò ṣe ń dákẹ́ rí ni ó mọ iyì ìró náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí odò tiwa dákẹ́ lójú wa o.